Owó Orí tí Ìyá Roheemat San

Àǹtí Bánkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ nínú òtútù Jámánì. Àlàáfíà la wà ní Jẹ́dà níbí. Orúnkún Jelilat ìyàwó mi ti ń san. Rumaysa ọmọ wa ṣì ń fi Lárúbáwá dá mi lóhùn tí mo bá pè é wá jẹun, àmọ́ ó ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, pé ìjọba yín ń gba owó orí lọ́wọ́ olówó fún aláìní, mo gbé e dé ìpàdé àwa Yorùbá. Wọn kì í gba owó orí lórí owó oṣù wa níbí, la bá ní ká dá tiwa sílẹ̀. Kálukú kọ iye tó ń wọlé fún un. Ẹnjiníà Lìádì, tó ra mọ́tò tuntun nínú Ààwẹ̀, kọ pé wọ́n jẹ òun lówó oṣù mẹ́fà. Dókítà Abdulganiyu kọ ọmọ mọ́kànlá. Mẹ́ta la mọ̀. Ìyá Roheemat, tó ń fọṣọ kiri láìní ìwé ìgbélùú, nìkan ló kọ òótọ́. Nígbà tí a ṣírò tán, òun ló lówó jù. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó san ogún ríyàl.

Ẹ má sọ fún Màmá o. Èmi kọ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, èmi ni wọ́n sì kó owó náà fún. Lánàá, Ìyá Roheemat wá sílé wa, ó ní òun á máa bá wa fọṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ títí màá fi ríṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ mi ti ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ fọ̀. Ó lọ̀ ọ́, ó ká a fún mi.

Kí ni wọ́n ń ṣe fún irú mi lọ́dọ̀ yín? Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì, Jímọ̀ọ̀ ni Ìyá Roheemat ń padà bọ̀ wá fọṣọ.

Àbúrò yín,
Mustaqeem