Tòmátì Tí Kò Ráyè Pọ́n

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí ẹ̀yin, ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Bàbá ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Irúgbìn tòmátì yín dé. "Ọ̀la ni màá fi ránṣẹ́" lẹ̀ ń sọ títí ooru oṣù mẹ́ta tá a ní nílẹ̀ òtútù níbí fi ku ìdajì. Mi ò gbin nǹkan rí, síbẹ̀ mo kọ ebè sẹ́yìnkùlé, Bàbá ń bomi rin ín látorí àga. Tòmátì so, kò tíì pọ́n tí òtútù fi pa á. Bàbá mú ọ̀kan dání, wọ́n ní, "Má bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ, iṣẹ́ ló pọ̀ fún un."

Ẹ tún ní ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa wá wo Bàbá. Dókítà ò ṣèlérí ìyẹn fún wa.

Ẹ má fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́ o. Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ yín yá.