Ìdọ̀bálẹ̀ tí mo ṣe l'Ọ́yọ̀ọ́

Sátidé, Ògbómọ̀ṣọ́.

A ti dé láti Ọ̀yọ́. Itan mi ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ìyàwó mi ti sọ ọ́ nínú mọ́tò nígbà tí à ń lọ pé kí n jókòó kí bàbá òun, pé àìsàn iṣan yìí kò gba ìdọ̀bálẹ̀ mọ́. Mo ní àna mi ni, n kò lè ti orí àga kí wọn. Bí a ṣe wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo wá fẹ́ dìde, apá kò gbé mi, itan kò gbé mi.

Bàbá rò pé ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bí mo ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni àdúrà ń gùn sí i, tí mò ń ṣe àmín sínú kápẹ́ẹ̀tì.

Bọ́sẹ̀ ní, "Bàbá, kò lè dìde ni."

Bàbá dá àdúrà dúró. Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ó dáa, ká jọ wà níbí ná." Ibẹ̀ la ti sọ̀rọ̀ títí.

Nígbà tó yá, àwa méjèèjì la nawọ́ sí Bọ́sẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé bàbá rẹ̀. Bàbá ní àna òun ni kó kọ́kọ́ gbé.