Mo Ti Yó, Mà

Màmá Wuryani, ẹ kú ètò orí rédíò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ìyá mi ń gbọ́ yín.

Ọmọ Jáfà ní Indonéṣíà ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Síngápọ̀ wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Lọ́jọ́ tí mo dé, ọ̀gá mi obìnrin ní, "Wá jẹun." Mo ní, "Mo ti yó, mà." Ṣebí nílé wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń bẹ àlejò kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọ̀gá mi ò tún bẹ̀ mí. Wọ́n palẹ̀ àwo mọ́.

Ní báyìí, ìrẹsì ṣíbí kan ni wọ́n ń bù fún mi. Wọ́n tiẹ̀ ń fi mí yangàn fún aládùúgbò: "Tèmi kì í jẹun rárá!"

Tí ìyá mi bá pè, wọ́n á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Màá ní, "Mo ti yó, màámi."

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo lèèyàn ṣe ń sọ pé ebi ń pa òun? Wọn ò kọ́ wa nílé.