Ta Lẹ̀ Ń Pè Ní Bọ́ì?

Ọmọ ọmọ mi, àkọ́bí àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le koko. Inú ló ń ru. O ní o fẹ́ mọ ìdí tí mo fi kúrò nílé rẹ láìjẹun, àti ìgbà tí n óò padà wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ bí a ṣe jọ fẹnu kò. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n odindi ni mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí.

A jókòó ti oúnjẹ. O lu agogo kékeré, o sì ké pé, "Bọ́ì!" Mo wo ẹnu ọ̀nà pé ọmọdé kan ló ń bọ̀. Àfi bí mo ṣe rí bàbá tó ń dáná fún yín, tí irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, tó ń sáré bọ̀, tó ń dáhùn "Sà!" Mo bi ọ́ pé, "Ta ni bọ́ì?" O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ má bínú, Màmá, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn." Kò pẹ́, ọmọ rẹ tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀ na kọ́ọ̀pù sí i: "Bọ́ì, omi!" Ni mo bá dìde.

Káfíńtà lo mọ bàbá bàbá rẹ sí. Kó tó di káfíńtà, irú ilé tí ò ń gbé yẹn ló ti ń dáná fún òyìnbó tó ń ṣàkóso wa. Yàrá kan lẹ́yìn ilé náà, tí wọ́n ń pè ní bọ́ìskọ́tà, ni mo bí bàbá rẹ sí. Òyìnbó ò mọ orúkọ ọkọ mi, kò sì bèèrè. Ọmọ rẹ̀ tí eyín iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ ká máa ń na ìka sí i pé, "Bọ́ì, bàtà mi!" Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ sá wá bá mi nídìí aṣọ tí mò ń fọ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ìgbà wo ni bàbá mi máa dàgbà?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n fa àsíá òyìnbó wálẹ̀, ọkọ mi bọ́ aṣọ funfun iṣẹ́ náà, ó fi nu ilẹ̀ ilé ìdáná, ó sì jáde. Ó ní, "Ó parí. Kò sẹ́ni tó máa pe àgbàlagbà ní ọmọdé mọ́ nílẹ̀ yìí."

Ó parí níbo? Òyìnbó kó ẹrù lọ, ẹ̀yin jókòó sórí àga rẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí àga náà tutù! Òmìnira wo lẹ gbà? Pé àwọ̀ ẹni tó ń lu agogo ti yàtọ̀? Àlejò lójú, kò fi ríran. Òyìnbó lè sọ pé òun ò mọ̀. Ìwọ tí wọ́n bí sáàárín wa ńkọ́?

Nítorí náà, mi ò ní wá gbé inú ilé tí wọ́n ti ń pe ẹgbẹ́ ọkọ mi ní ọmọdé. Fa ọmọ rẹ lọ́wọ́, ẹ lọ bá bàbá náà nílé ìdáná, ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì bèèrè orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ bá fi "Bàbá" ṣáájú orúkọ náà, tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lórí fóònù, lọ́jọ́ náà ni n óò di ẹrù mi. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá" ò lè gbé mi kúrò níbi tí mo jókòó sí.

Kí Ọlọ́run là ọ́ lójú. Kí o dàgbà, kí o darúgbó, kí ọmọ ọlọ́mọ má sì gba ọjọ́ orí rẹ lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni ìyá bàbá rẹ, aya káfíńtà.

Mo gbàgbé: ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo èyí. Olùkọ́ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwa àgbà kàn bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni. Ó ní kí n rọra, pé òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Mo ní kì í ṣe ẹyẹ ni mò ń lé, ọmọ mi ni mò ń pè wálé.