Ikú Dáre Láàárín Ìjọba Méjì

Bàámi, Tíṣà mi,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé sí yín. Inú ló ń bí mi. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni inú ti ń bí mi, mo sì mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí a fi ìbínú mú bírò. Ṣùgbọ́n tí n kò bá kọ ọ́ lónìí, bóyá n kò ní lè kọ ọ́ mọ́, nítorí n kò mọ ibi tí wọn yóò fi mí sí láti ọ̀la lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìròyìn ilé. Màámi ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní Ìjàn. Wọn ò lè gbé ilé Òkè-Ìlá yìí mọ́, torí gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń dìde láti ṣílẹ̀kùn fún yín. Èmi nìkan ló kù. Ìwé ìròyìn tí ẹ fi bírò pupa tún gírámà rẹ̀ ṣe ṣì wà lórí fíríìjì, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìrẹsì tí ẹ gbìn sí Ìgbẹ́mọ̀, ẹyẹ ló jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó láyà láti lọ kórè rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí àwo mẹ́ta orí tábìlì wa? Mi ò rò pé wọ́n fi oúnjẹ kọ́ ọmọ kankan ní ẹ̀kọ́ ìjọba ní gbogbo Adó bí ẹ ṣe fi kọ́ wa. Àwo ńlá ni Abùjá, àwo àárín ni ìpínlẹ̀, sọ́sà kékeré ni ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ó fi fọ́ọ̀kì gún ẹran kan sókè, ẹ ó ní iṣẹ́ ológun ńkọ́? A ó ní àwo ńlá. Ọjà àti ibi ìpẹran? Sọ́sà. Ilé ìwé àti ilé ìwòsàn? A ó gé e sí méjì. Ẹni tó bá ṣì í kò ní jẹ ẹran yẹn. Orí ẹja lẹ máa ń fi ṣe ọlọ́pàá, kò sì kúrò nínú àwo ńlá rí. Mo bi yín nígbà kan pé gómìnà tí wọ́n ń pè ní olórí ètò ààbò, kí ló dé tí kò lè pàṣẹ fún ọlọ́pàá kí Abùjá tó fọwọ́ sí i. Ẹ fi etí bùbá yín nu gíláàsì ojú yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní wọ́n pín agbára kí ọwọ́ ẹnì kan má baà kún jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni mí, ẹran ni mo ń wò.

Ọjọ́ tí ẹ kò padà láti oko, mo sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú igbó, àfi kí àṣẹ ti òkè wá. Mo sáré lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀. Àwọn yẹn gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbọn ìbílẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dúró sí etí igbó. Wọ́n ní ìbọn tí ń yìn léraléra ló wà lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú lọ́hùn-ún, àti pé Abùjá kò tíì gbà kí àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé irú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, èmi àti àwọn ará àdúgbò wọ inú igbó náà fúnra wa. Nínú omi ìrẹsì ni mo ti rí yín. Ẹnu yín ni ọta gbà wọlé. Ẹ̀yìn orí yín kò sí mọ́. Ẹsẹ̀ yín wà ní òfìfo, wọ́n ti bọ́ bàtà òjò yín lọ. Èmi ni mo lé eṣinṣin kúrò lójú yín títí a fi dé títì.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé àwọn tó pa yín kò pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, wọn kò bèèrè owó ìtúsílẹ̀ kankan. Kí ni wọ́n pa yín fún nígbà náà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ gba aṣọ ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo fẹ́ràn ìlú. Ìlú wo? Ojú ẹni tó yìnbọn yẹn ni mo fẹ́ rí.

Mo rí i. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, a ká àwọn ajínigbé mẹ́ta mọ́ inú abà kan tí wọ́n ti pa tì láàárín Ìgbẹ́mọ̀ àti Ìjàn. A yìnbọn, àwọn náà yìnbọn. Ọ̀kan kú síwájú abà, ìfun rẹ̀ tú síta. Ọ̀kan sá lọ. Ẹnì kẹta fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, ó ṣubú, èmi ni mo sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàtà òjò yín ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. N kò lè ṣì í mọ̀, èmi ni mo gé túùbù kẹ̀kẹ́ tí mo fi lẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ fún yín.

Bàámi, mo nà án. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ sì fò jáde. Mo gbá a lápá títí mo fi gbọ́ tí egungun dá. Mo fi bàtà mi tẹ ikùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tún gbé ẹsẹ̀ sókè, mo tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró, wọ́n ń wò mí. Ọ̀gá wa, ṣọ́jà kan tó ti fẹ̀yìn tì, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ń lọ wo ọ̀nà tí èyí tó sá gbà. Gbogbo wọn ló mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó dùn mọ́ mi. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi gan-an.

Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ ni mo tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé. Ulé ló ń pe ilé. Gbogbo wa ti ń sọ ọ́ káàkiri pé àjèjì ni wọ́n, èmi náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n dákun, òun mọ̀ mí, òun mọ Tíṣà, ọdún méjì gbáko lẹ fi kọ́ òun ní ẹ̀kọ́ ìjọba. Ó ní àwọn fẹ́ gbé yín lọ ni, àwọn ò fẹ́ pa yín. Òun ti fi aṣọ bojú kí ẹ má baà dá òun mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òun ṣe dúró, ẹ sì pe òun bí ẹ ṣe máa ń pè wọ́n nínú réjísítà, orúkọ bàbá ṣáájú. Àjàyí Dáre, ṣé ìwọ nìyí? Ó ní ẹ̀rù ba òun, ìbọn sì ti dún kí òun tó mọ̀.

Kí ló dé tí ẹ pè é? Ọgbọ̀n ọdún tí ẹ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kì í gbàgbé orúkọ ẹnì kankan. Ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó dá géńdé tó ti bímọ mẹ́ta dúró, ẹ ó pe orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. A máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Ṣé ẹ ò lè gbàgbé ẹyọ orúkọ kan péré? Àbí ẹ rò pé tó bá ti gbọ́ ohùn yín, ọmọ kíláàsì ni yóò padà dà?

A jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, a jáde sí títì Ìjàn, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ọlọ́pàá ti pàdé wa. Ọ̀gá wọn ní kí a fa ọmọ náà lé àwọn lọ́wọ́, òfin kò fún wa láṣẹ láti ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Òótọ́ ló sọ, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi. Ọ̀gá wa kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ajínigbé kan tí a fà lé wọn lọ́wọ́ ṣáájú, oṣù kan kò pé tí a rí i ní Ìjàn tó ń jẹ súyà. Adó ni òun ń gbé èyí lọ, kí àwọn èèyàn gómìnà fojú rí i. Ni wọ́n bá kọjú ìbọn sí wa, àwa náà kọjú ìbọn sí wọn. Ọmọ Èkìtì tí Abùjá gbà síṣẹ́ àti ọmọ Èkìtì tí Adó gbà síṣẹ́, lórí títì, ní ọ̀sán gangan. Àwọn ọlọ́kadà ti kó táyà dé, ẹnì kan ti gbé bẹntiróòlù dání nínú ike, wọ́n ní kí a gbé e fún àwọn kí ọ̀rọ̀ tán. Òkúta bà mí lórí, ẹ̀jẹ̀ dà sí mi lójú. Ọlọ́pàá kan yìnbọn sókè. Ọ̀gá wọn ń pe Abùjá lórí fóònù, ọ̀gá wa ń pe Adó. Ó lé ní wákàtí méjì. Èmi ni mo jókòó ti Dáre lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí àṣẹ wá pé kí a fà á lé wọn lọ́wọ́, ara rẹ̀ ti ń tutù.

Ìwé méjì ló wà báyìí. Tiwa sọ pé láàyè ni a fà á lé wọn lọ́wọ́. Tiwọn sọ pé òkú ni wọ́n gbà. Mo buwọ́ lu tiwa. Òkú náà wà ní mọ́ṣúárì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ buwọ́ lù ú kí wọ́n gbé e jáde, torí ẹni tó bá buwọ́ lù ú ti gbà pé ọwọ́ òun ló kú sí. Kò sí ibì kankan nínú ìwé méjèèjì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mo na ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pín agbára, Bàámi. Ẹ kò kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pín ẹ̀bi.

Ní ọ̀sán òní, ìyá Dáre wá síbí. Ẹ ó mọ̀ wọ́n tí ẹ bá rí wọn, wọ́n gbé iṣu wá síbi ìsìnkú yín. Wọn kò mọ ohun tí ọmọ wọn ṣe fún yín, wọn kò sì mọ ohun tí mo ṣe fún un. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba òkú ọmọ àwọn sin, ọlọ́pàá ní kí àwọn lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí àwọn padà lọ bá ọlọ́pàá, ẹnì kan wá ní kí àwọn kọ̀wé sí Abùjá. Wọ́n rántí pé ẹ máa ń bá àwọn èèyàn kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, wọ́n ní kí èmi ọmọ Tíṣà dákun bá àwọn kọ ọ́. Mo gbé bírò. Wọ́n bi mí pé ìjọba wo ni ká kọ ọ́ sí, ìjọba wo ló pa ọmọ àwọn?

Mo sọ fún wọn. Mo ní kì í ṣe Abùjá, kì í ṣe Adó, èmi ni. Mo sọ ohun tó ṣe fún yín, mo sì sọ ohun tí mo fi ìbọn ṣe fún un. Mo rò pé wọn yóò gbá mi létí. Wọ́n kàn jókòó lórí àga yín, wọ́n di etí gèlè wọn mú. Wọ́n wá bi mí bóyá Dáre bèèrè ohunkóhun kó tó kú.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún yín lókè. Ní wákàtí méjì tí wọ́n fi ń jà lórí títì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dáre bẹ̀ mí fún omi. Píọ̀ wọ́tà kan wà lápò mi. Mo yọ ọ́ jáde, mo fi eyín já a, mo mu ún tán níwájú rẹ̀, mo sì ju ọ̀rá rẹ̀ sí i lójú.

Mo sọ ìyẹn náà fún wọn. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà wọ́n fi aṣọ nu ojú, wọ́n fa ìwé náà sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, kí n kọ orúkọ mi sísàlẹ̀, ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún ọlọ́pàá, ọ̀kan fún ìjọba ìpínlẹ̀. Àwa méjèèjì la ó jọ gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la. Mo kọ ọ́, mo kà á fún wọn. Wọ́n ní ó ku ohun kan. Wọ́n ní kí n kọ ti omi náà sí i.

Mo ti kọ ọ́, Bàámi.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.