Òwú Pupa Tí Mo Tú Lára Pátákó

Ilé Bàbá Àjàmú,
Portuguese Town,
Banjul.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹta, 1975.

Kàfáyàt, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń já ara wọn jẹ? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi èmi tí ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Bàbá Àjàmú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ni mo wà. Èmi ni mò ń tọ́jú pátákó iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní páálí tirẹ̀ lábẹ́ ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é. Bí iṣẹ́ kan bá ń dúró de òmíràn, Bàbá á fi òwú pupa so páálí méjèèjì pọ̀, kí a má baà sún ọ̀kan ká gbàgbé èkejì.

Òwú yẹn mà dára o! Lọ́jọ́ Àìkú, mo tú u, mo fi di irun. Gbogbo Banjul ló yíjú wò mí, ewúrẹ́ pàápàá dúró!

Lọ́jọ́ Ajé, Gibril tó máa ń jó irin lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀, kò ní dé títí Ọjọ́bọ̀. Bàbá ní kí n sún pọ́ńpù omi ẹ́ńjìnnì Alasan, oníbàárà wa tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò, èyí tí Gibril fẹ́ jó, sí Ọjọ́bọ̀. Mo sún un. Páálí Ọjọ́rú tó ní kí wọ́n to ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ ni mi ò sún, nítorí òwú tó so ó mọ́ ti pọ́ńpù ti wà lórí mi. Nígbà tó di Ọjọ́rú, àwọn òṣìṣẹ́ wo pátákó, wọ́n rò pé pọ́ńpù ti gbádùn, wọ́n bá to ẹ́ńjìnnì pọ̀ tòun ti pọ́ńpù tó là.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí Alasan dán an wò létí omi, ooru tó ń tú jáde tó ti ọgọ́rùn-ún ìkòkò tó ń hó. Alasan kàn jókòó sórí iyanrìn. Awọ funfun ti bo ojú ìyá rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló sì ń dé abúlé wọn. Dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ń padà sí ìlú rẹ̀ lọ́la, ọjọ́ Àìkú.

Mo jẹ́wọ́ fún Bàbá. Mo ti le ẹ̀yìn de ẹgba, ṣùgbọ́n orí mi ni wọ́n ń wò. “Bàṣírát, ṣé irun rẹ nìyí, àbí iṣẹ́ mi?” Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Haja, tó yẹ kí a tún ẹ̀rọ ìrẹsì wọn ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, pé kí n fẹnu ara mi bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀.

Haja ní, “Ẹ sún tèmi. Ìrẹsì mi ò fọ́jú.”

Bàbá wá tún gbogbo páálí tò, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì. Agbádá ìsọmọlórúkọ ṣì wà lọ́rùn Gibril tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì kó lè jó pọ́ńpù náà. Lọ́sàn-án àná, Alasan tukọ̀ lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gbé màmá dé.

Ní èbúté, ó sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́, wọ́n sọ ní èdè Wolof pé, “Ìwọ ni, àbí? Mú mi lọ. Má sáré o.” Mo mú wọn dé ọsibítù.

Bá mi kí Ìyá àti gbogbo ará ilé. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ọjọ́ Ajé ni wọn yóò tú báńdéèjì. Màmá ní kí n wà níbẹ̀, ojú mi ni àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí. Kàfáyàt, bá mi bẹ Ọlọ́run.

Tìrẹ ni mí, tọkàntọkàn,
Bàṣírát Oyèwọlé.