Fáìlì Mẹ́sàn-án, Ìyá Kan

Nimbo, Bouaké,
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 1996.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo gbà á ládùúrà pé orúnkún tó ń dùn yín ti ń rọ̀ yín lọ́rùn, àti pé ara gbogbo ará ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ le. Ara tèmi náà le, Alihamudulilai.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní kí n fi ìsọ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ ní ọjà Grand Marché sílẹ̀, kí n máa bọ̀, nítorí wọ́n ti ń pe gbogbo wa ní àlejò níbí. Ẹ ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Bàbá mi, ẹ má bínú o, ta ló wí fún yín pé oko ni mo wà? N kò bọ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ọ́fíìsì kan kéde pé àwọn máa gba ìsọ̀ lọ́wọ́ àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anago níbí, fún ọmọ onílẹ̀, àfi ẹni tó bá kọ̀wé sọ ìdí tí tirẹ̀ fi tọ́ sí i kí ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ìdílé mẹ́jọ ló sáré wá bá mi níbi tí mo ti ń tẹ̀wé. Tèmi ló ṣìkẹsàn-án.

Ọ̀gá mi kì í fẹ́ kí á ṣí ju fáìlì kan lọ lójú kọ̀ǹpútà: parí ọ̀kan, tì í, kí o tó ṣí òmíràn. Èmi ṣí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ṣebí ìkòkò mẹ́ta ni ìyá mi máa ń gbé kaná lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó jóná rí? Mò ń fò láti inú ìwé kan bọ́ sínú èkejì, mò ń mú ìkíni níhìn-ín, mò ń da ìparí kọ sọ́hùn-ún, orí mi ń wú.

Àṣé ọbẹ̀ ìkòkò kan ti dà sínú ìyókù. Ìparí ìwé tèmi ni mo dà kọ sínú gbogbo wọn, gbólóhùn tó kẹ́yìn sì bá a lọ: “Ìlú yìí ni sàréè ìyá mi wà, n kò ní í fi í sílẹ̀.” Wọ́n ti tẹ̀ka tán kí n tó rí i. Ojú tì mí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún un tẹ̀. Bàbá Kàsímù, tí ìsọ̀ wọn kángun sí tiwa, ní kí n túmọ̀ rẹ̀ láti Faransé sí Yorùbá. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ tán, wọ́n ní, “Ta ló gbẹ̀bí ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí kò ṣe ìyá rẹ? Ta ló wẹ̀ wọ́n? Má fọwọ́ kàn án.” Gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀, títí kan Sákínátù, tí ìyá tó bí i wà láàyè ní Marabadiassa. Ó ní èèyàn lè ní ìyá méjì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, akọ̀wé ọ́fíìsì náà ka ọ̀kan, ó ka èkejì, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin Anago! Ìyá mélòó lẹ sin síbí gan-an?” Bàbá Kàsímù fi Jùlá, èdè ọjà ibí, dá a lóhùn: “Ọ̀kan ni. Gbogbo wa la jọ ni ín. Bí o bá fẹ́, wá kà wá lórí sàréè rẹ̀.” Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì wá gba ìsọ̀ wa. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á bá mi níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn ta yín lọ́rẹ, kí ó jẹ́ kí á fojú kan ara wa láyọ̀, ì báà ṣe lọ́hùn-ún, ì báà ṣe níbí.

Èmi ni ọmọ yín olórí kunkun, tó fẹ́ràn yín,
Sèfíyátù.

Àfikún: Ẹ ní ẹ̀gbọ́n mi Tàjúdínì ń bọ̀ wá mú mi. Kí ó máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má wá lọ́wọ́ òfo. Kí ó gbé aṣọ òfì dání, ìsọ̀ ìyá wa ń fẹ́ ọjà.